Kí A Tó Fọwọ́ Kan Ìwé Àtijọ́

Ìwé tí ó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún láyé kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú gbé. Ì báà ṣe ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi tí ó wà nínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Abẹ́òkúta, ìlú abẹ́ Olúmọ, ì báà ṣe ìwé àfọwọ́kọ èdè Lárúbáwá tí ààfáà kan jogún ní Ìlọrin Àfọ̀njá, ì báà sì ṣe lẹ́tà tí ajẹ́lẹ̀ kọ sí bàbá ńlá ẹni ní ayé ìjọba òyìnbó, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní èkejì, ara rẹ̀ kò sì le mọ́. Èyí tí ó dunni jù níbẹ̀ ni pé àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn, tí wọ́n ń fẹ́ kí ó pẹ́ láyé, ni wọ́n sábà máa ń fi ọwọ́ ara wọn pa á. Ẹnìkan a sá a sí oòrùn kí ó lè gbẹ, ẹlòmíràn a fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tí ó ti ya, ẹni kẹta a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ọ̀rá gbígbóná bo ìwé-ẹ̀rí, inú rẹ̀ a sì dùn pé òun ti ṣe ojúṣe òun. Nítorí irú àwọn ènìyàn rere bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ orí ìwé yìí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí olùtọ́jú ìwé di mú ṣinṣin kí ó tó ka èyí tí ó kù. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí a fi ṣe ìwé ni a ó kọ́kọ́ wò, kí a tó mọ irú ìtọ́jú tí ó yẹ ẹ́. Ẹni tí kò mọ bébà, tí kò mọ tàdáwà, tí kò mọ awọ tí a fi di ìwé, tí ó wá ń ṣe ìtọ́jú, àfọ̀ṣẹ ni ó ń ṣe. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí mò ń wí kì í sì í ṣe ti ẹ̀rọ olówó gọbọi nìkan: ojú tí ń wòye, awò kékeré tí ń sọ ohun tín-ín-rín di ńlá, iná tọ́ọ̀ṣì kan, àti ìwé àjákọ tí a ó máa kọ ohun tí a rí sí, láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ara bébà

Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ sì tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì tí kò sí oúnjẹ tàbí ohun mímu lórí rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rá lórí ojú ewé, kí ó má ṣe ti òkè wá. Ọ̀pọ̀ ohun tí ó ti sá pamọ́ fún yín tẹ́lẹ̀ ni yóò yọ jáde: ibi tí omi ti mú bébà wú, ibi tí kòkòrò ti rìn kọjá, ibi tí ẹnìkan ti fi ọ̀bẹ ha ọ̀rọ̀ kúrò láti kọ òmíràn sí ipò rẹ̀. Bí ewé ìwé náà bá ṣì lágbára, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀kan sókè sí ojú ìmọ́lẹ̀. Bébà tí wọ́n fi àkísà òwú àti aṣọ ọ̀gbọ̀ ṣe nílẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́ a máa fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ hàn nínú, nígbà mìíràn a sì tún fi àmì tí ẹni tí ó ṣe é fi sílẹ̀ hàn. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Tìmbúkútù àti ti àwọn ìlú mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àmì oṣù tuntun mẹ́ta tí ó tò tẹ̀lé ara wọn wọ́pọ̀; láti ilẹ̀ Ítálì ni irú bébà bẹ́ẹ̀ ti wá, tí àwọn oníṣòwò gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà já. Ẹ ya àwòrán irú àmì bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àjákọ yín, nítorí ó lè sọ ọjọ́ orí ìwé fún onímọ̀ nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò bá kọ ọjọ́ kankan sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àkísà kò ti tó àwọn aláṣe bébà lò mọ́, nítorí pé àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn ti pọ̀ sí i, ni wọ́n bá kọjú sí igi lílọ̀. Igi ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní líńgínì, òun ni ó ń sọ bébà di pípọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Kí èyí tó dé, ọkùnrin ará Jámánì kan, Moritz Illig, ti fi han ayé ní ọdún 1807 bí a ti í po oje igi páínì mọ́ álọ́ọ̀mù, èyí tí àwa fi ń mú omi tòrò, kí tàdáwà má baà ràn kálẹ̀ lára bébà. Ọgbọ́n náà dára lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù yìí ni ó ń bí ásíìdì sínú bébà, ásíìdì náà ni ó sì ń gé àwọn fọ́nrán tí bébà fi dira mú ara rẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru, a ṣí ìwé náà tàbí a kò ṣí i. Kòkòrò tí ń jobì, inú obì ló wà. Ìdí nìyí tí ìwé ìròyìn ọdún 1930 fi lè máa rún wómúwómú lọ́wọ́ ẹni nígbà tí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1650 sórí bébà àkísà ṣì le koko.

Àwọn ilé ìkàwé ńlá, bíi Library of Congress ní Washington, ti fi ọdún púpọ̀ wọ́n lẹ́búlẹ́bú magnẹ́síọ̀mù ọ́ksáídì sára irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ kí ó lè pa ásíìdì náà. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n kì í dá okun tí ó ti lọ padà, ó kàn ń dá ìbàjẹ́ dúró ni. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ìwé tí igun rẹ̀ ti ń ṣẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ti kọjá ohun tí à ń ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti kà: ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sínú páálí tí kò ní ásíìdì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sinmi. Bí irú páálí bẹ́ẹ̀ kò bá sí, aṣọ òwú funfun tí a kò pa láró, tí a ti fọ̀ léraléra títí táàṣì rẹ̀ fi tán, sàn ju bébà ìwé ìròyìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wé ìwé lọ, nítorí pé ásíìdì inú ìwé ìròyìn a máa ràn mọ́ èyí tí ó bá wé.

Tàdáwà tí ń jẹ ewé

Ọ̀rọ̀ tàdáwà ni mo fẹ́ fà gùn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ ti ń kú láìsí ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa á. Oríṣi méjì ni ó yẹ kí olùtọ́jú dá mọ̀. Èkíní ni tàdáwà tí a fi èédú tàbí èéfín iná ṣe, tí a fi oje igi pò, irú èyí tí àwọn ọmọ kéú fi ń kọ wàláà. Èédú kì í ṣá, kì í sì í jẹ bébà. Ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, ó lè ṣí kúrò lójú ewé gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣí kúrò lójú wàláà.

Èkejì ni tàdáwà onírin. Òun ni àwọn òyìnbó fi kọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, òun náà sì ni ẹ óò máa bá pàdé nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí míṣọ́nnárì, akọ̀wé ilé-ẹjọ́ àti ajẹ́lẹ̀ kọ ní ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kókó tí ń wú lára igi óákù nígbà tí kòkòrò bá yé ẹyin sí i ni wọ́n ń gún. Wọn a rẹ ẹ́ sínú omi, wọn a da iyọ̀ irin sí i, wọn a sì fi oje igi mú un ki. Nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan bébà, àwọ̀ rẹ̀ kì í le. Bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i ni ó ń dúdú sí i, tí ó sì ń rì wọ inú bébà tí omi kò fi lè fọ̀ ọ́ kúrò. Nítorí èyí ni àwọn amòfin àti àwọn ìjọba fi fọkàn tán an fún ìwé àdéhùn.

Ásíìdì súfúríìkì wà nínú tàdáwà yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti pò ó. Bí ẹni tí ó pò ó bá sì da irin sí i ju ohun tí kókó igi náà lè dè mọ́ra, irin tí ó ṣẹ́kù náà yóò máa ran afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ láti jẹ bébà. Ẹ fi awò yín wo ojú ewé. Ìpele àkọ́kọ́ ni pé dúdú tàdáwà yóò di pupa rúsúrúsú bí irin tí ó dípẹtà. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó rí òjìji ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ewé, bí ẹni pé ẹnìkan kọ ọ́ ní àkọsẹ́yìn. Ìpele kẹta ni pé ìlà tín-ín-rín yóò là lójú ibi tí tàdáwà ti pọ̀. Lẹ́yìn náà ni bébà yóò já bọ́, tí ihò yóò sì dúró ní ìrísí lẹ́tà. Inú “o” àti “ọ” ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́, nítorí kálámù yí wọn ká; ibi ìfọwọ́sí ni ó tẹ̀lé e, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tí ó ń fọwọ́ síwèé ti ń tẹ kálámù mọ́lẹ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi lè ṣẹlẹ̀ pé ìwé àdéhùn odindi yóò kù, orúkọ àwọn tí ó ṣe àdéhùn náà nìkan ni yóò sì ti lọ.

Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì ti ṣe ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ilé ìkàwé tí agbára rẹ̀ bá ká a ní lọ́wọ́: bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rì sínú èròjà tí ń jẹ́ bathophenanthroline. Wọn a fi omi dísítílì tí ó mọ́ gaara rin ín díẹ̀, wọn a fi bébà mìíràn fa omi rẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó gbẹ, wọn a wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlà tàdáwà kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Bí ó bá pọ́n bí òdòdó, irin tí ń jẹ bébà wà níbẹ̀. Bí ó bá dúró ní funfun, ẹ lè mí. Láti ibẹ̀ náà ni ìtọ́jú rẹ̀ ti wá, èyí tí Johan Neevel gbé jáde ní ọdún 1995. Èròjà kan wà tí ń jẹ́ fítéètì, tí ó pọ̀ nínú àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀wà, tí ó máa ń so mọ́ irin pinpin. Ó ń de irin inú tàdáwà náà, kálísíọ̀mù sì ń pa ásíìdì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ yìí ni kí ó ṣe é. Ohun tí ó kàn yín ni pé kí omi lásán má ṣe kan ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí omi yóò kó irin náà kúrò lójú ìlà lọ sí ibi tí ó mọ́. Kí ẹ má ṣe ká a, kí ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà ní títẹ́ ní ibi gbígbẹ.

Ọ̀rinrin àti àwọn àlejò rẹ̀

Ilẹ̀ wa kò ṣàánú bébà. Nígbà tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti ju ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ìwé yóò bẹ̀rẹ̀ sí bu. Nígbà òjò ní etí òkun Èkó, kò ṣọ̀wọ́n kí ó ju 80 lọ. Nígbà tí ọyẹ́ bá tún dé, afẹ́fẹ́ yóò gbẹ gan-an, bébà yóò súnkì, awọ yóò kákò, lẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ìwé yóò sì là. Wíwú àti sísúnkì yìí ni ó ń fa ara ìwé ya ju ooru nìkan lọ. Nítorí náà ni mo fi ń sọ ohun tí àwọn kan kò fẹ́ gbọ́: ẹ̀rọ amúlétutù tí à ń tàn ní ọ̀sán fún ìgbádùn àwọn òṣìṣẹ́, tí à ń pa ní ìrọ̀lẹ́ tàbí tí iná mọ̀nàmọ́ná ń pa fún wa, ó lè ṣe ìwé ní ibi ju yàrá tí kò ní ẹ̀rọ kankan ṣùgbọ́n tí fèrèsé rẹ̀ kọjú síra, tí òrùlé rẹ̀ ga, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ ra aago kékeré tí ń wọn ọ̀rinrin àti ooru, ẹ fi sí àárín àwọn ìwé, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ó bá wí sílẹ̀ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan ẹ óò mọ yàrá yín ju bí ẹnikẹ́ni ti lè sọ ọ́ fún yín lọ.

Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ gbé pẹpẹ ìwé kúrò lára ògiri kí ọwọ́ lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má ṣe to ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ sì máa wo ẹsẹ̀ pẹpẹ bóyá ikán ti ń fi amọ̀ lànà gòkè. Lẹ́ẹ̀ ìwé àtijọ́, tí ó jẹ́ táàṣì tàbí lẹ́ẹ̀ awọ ẹran, oúnjẹ ni lójú kòkòrò àti aáyán. Ní yunifásítì Coimbra nílẹ̀ Pọ́túgà, àwọn àdán kéékèèké ni ó ń jẹ kòkòrò inú ilé ìkàwé Joanina láti ìgbà pípẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa fi awọ bo tábìlì ní alẹ́ nítorí ìgbẹ́ wọn. N kò sọ pé kí ẹ lọ mú àdán wá, ṣùgbọ́n ó dára kí a mọ̀ pé kì í ṣe májèlé nìkan ní í lé kòkòrò. Ẹ má ṣe fọ́n òògùn kòkòrò ọjà sára ìwé. Ẹ má sì ṣe fi kàfúrà kún inú àpótí, nítorí èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí yóò wá ṣí i.

Bí kòkòrò bá ti wọ ìwé ní tòótọ́, òtútù ni kí ẹ lò. Ẹ di ìwé náà sínú ọ̀rá, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ dí ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ sì gbé e sínú firísà tí ó tutù dé ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì, firísà tí iná rẹ̀ kò ní lọ. Nígbà tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tètè tú ọ̀rá náà. Omi yóò ṣẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá; bí ẹ bá ti tú u, ara ìwé ni ìbá ṣẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí ẹ tó ṣí i. Fọ́tò orí dígí àti ìwé tí a fi ọ̀dà kùn kì í wọ firísà.

Ìwé tí ó bá sì ti bu, ẹ yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ìbòmú bo imú yín, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ ní ibi òjìji tí afẹ́fẹ́ wà. Ìgbà tí ó bá gbẹ pátápátá ni ẹ óò fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò ní ìta. Bí ẹ bá fi aṣọ tútù nù ún, inú bébà ni ẹ ń tì í sí. Bí ìjì bá ṣí òrùlé tí omi sì da lu ìwé, wákàtí 48 péré ni ẹ ní kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bu. Èyí tí ẹ kò bá lè gbẹ láàárín àkókò náà, ẹ gbé e sínú firísà ní tútù, kí ẹ máa mú un jáde díẹ̀díẹ̀. Láti inú omíyalé odò Arno, tí ó bo ilé ìkàwé ńlá ìlú Florence ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 1966 tí ó sì ba ìwé tí ó lé ní mílíọ̀nù kan jẹ́, ni ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ lónìí nípa ìtọ́jú ìwé tútù ti wá.

Ìtọ́jú tí ó ju àìsàn lọ

Lẹ́ẹ̀ sẹ́lótéèpù a máa pọ́n, a máa rì wọ inú bébà, ọ̀rá òkè rẹ̀ yóò ṣí kúrò láìpẹ́, àbàwọ́n yóò sì kù títí láé. Fífi ọ̀rá gbígbóná bo ìwé ni ó burú jù, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti fi ìwé ilẹ̀ àti ìwé-ẹ̀rí àwọn òbí wọn jìn ín. Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ṣe irú rẹ̀. William Barrow ti ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi yé ayé pé ásíìdì ni ó ń pa ìwé, òun kan náà ni ó gbé ẹ̀rọ tí ń fi ooru lẹ ọ̀rá mọ́ ìwé àtijọ́ kalẹ̀ láti àwọn ọdún 1930. Lónìí, àwọn olùtọ́jú ń fi sùúrù bọ́ ọ̀rá náà kúrò lára ìwé. Ọkàn rere ni ó fi ṣe é, onímọ̀ sì ni. Láti ara irú rẹ̀ ni a ti kọ́ òfin tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí: ohunkóhun tí a kò bá lè tú padà, a kì í ṣe é sí ìwé. Bí ewé bá ya, bébà Japan tín-ín-rín tí a fi èèpo igi kozo ṣe, àti lẹ́ẹ̀ táàṣì àlìkámà tí omi lè tú, ni àwọn olùtọ́jú fi ń so ó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Mo ní láti fi ìkìlọ̀ kan kún un nítorí ara àwọn tí ń fọwọ́ kan ìwé. Bí ẹ bá ní ìwé òyìnbó tí a tẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1840 sí 1870, tí aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewéko tí ń tàn yòò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má fi itọ́ ṣí i, kí ẹ sì di í lọ́tọ̀ sínú ọ̀rá. Láti ọdún 2019 ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Winterthur àti yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà ti ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ kiri, nítorí pé májèlé ásẹ́níìkì ni wọ́n fi pa aṣọ wọn láró.

Ohun tí ojú lásán kò rí

Ìmọ̀ tí ń pa ìwé mọ́ náà ni ó tún ń jẹ́ kí a ka èyí tí ó ti parẹ́. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní Library of Congress fi oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ ya fọ́tò ìwé tí Thomas Jefferson fi ọwọ́ kọ nígbà tí ó ń ṣètò ìkéde òmìnira Amẹ́ríkà ní 1776. Ibì kan wà tí ó ti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ kí ó tó kọ “ọmọ ìlú” sórí rẹ̀, nígbà tí wọ́n ya ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yọ: ó ti kọ́kọ́ pe àwọn ènìyàn rẹ̀ ní “ọmọ abẹ́ ọba.” Èrò ọkùnrin náà yí padà lójú bébà, a sì rí i lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní igba.

Ti ìwé Archimedes tún ju èyí lọ. Ní ọ̀rúndún kẹwàá ni akọ̀wé kan da iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé Gíríìkì náà kọ sórí awọ ẹran. Ní ọdún 1229, àlùfáà kan ha á kúrò, ó sì kọ àdúrà sórí rẹ̀. Láti ọdún 1999 títí di 2008, ní ilé àkójọ Walters ní Baltimore, ni àwọn onímọ̀ ti fi ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì gbé àwọn ewé kan lọ sí Stanford, níbi tí ìtànṣán líle ti wá irin inú tàdáwà àkọ́kọ́ kàn lábẹ́ àwòrán tí ẹnìkan fi bò ó. Irin tí mo ní ó ń jẹ bébà ní ìsọ̀rí kejì orí yìí náà ni ó gba ọ̀rọ̀ Archimedes là. Ní York, ní Ìlú Òyìnbó, àwọn mìíràn a máa fi ìparẹ́ rọ́bà rá ojú ìwé awọ jẹ́jẹ́. Láti inú èérún rọ́bà náà ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá awọ màlúù, àgùntàn tàbí ewúrẹ́ ni, láìgé ohunkóhun kúrò lára ìwé náà.

Ẹ̀rọ wọ̀nyí jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba wọn wà ní ìkáwọ́ yín. Tọ́ọ̀ṣì kékeré tí ń tan ìmọ́lẹ̀ àlùkò, èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń mọ ayédèrú owó, lè mú kí tàdáwà onírin tí ó ti ṣá hàn ní dúdú lójú bébà tí ń tàn. Ẹ ṣú yàrá, ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì pa á, nítorí ìmọ́lẹ̀ yẹn náà ń jẹ bébà. Orúkọ tí a ti sọ nù nínú ìwé ìrìbọmi lè padà wá báyìí.

Ẹ̀dà

Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ó sì fi ránṣẹ́ sí Ìlú Òyìnbó fún títẹ̀; ó sọnù síbẹ̀. Johnson fúnra rẹ̀ kú ní 1901. Bí kì í bá ṣe pé àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fara balẹ̀ tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tí ó fi di títẹ̀ ní 1921, kí ni à bá máa kà lónìí nípa Ọ̀yọ́ ilé? Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin ọdún 2021, iná jó ilé ìkàwé Jagger ní yunifásítì Cape Town, ọ̀pọ̀ ìwé nípa ilẹ̀ Áfíríkà sì bá a lọ. Ìwé tí kò ní ẹ̀dà, ọwọ́ àyànmọ́ ni a fi í sí.

Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́ ìwé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí oòrùn kò ti ta sí i, ẹ má tan iná kámẹ́rà, ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè hàn, ẹ ya ewé kọ̀ọ̀kan títí kan èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ lójú, kí ẹ sì fi nọ́ńbà sọ fọ́tò kọ̀ọ̀kan lórúkọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí ilé, ẹ fi èkejì sí ìlú mìíràn. Ẹ má ṣe rò pé fọ́tò ti gba ipò ìwé. Fọ́tò lásán kò lè sọ gbogbo ohun tí a fẹ́ mọ̀ nípa irin inú tàdáwà tàbí awọ inú ewé.

Mo bẹ ẹ̀yin tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà ní ìkáwọ́ yín, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, ní ààfin, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ìdílé, kí ẹ ṣí i lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, irú bébà, irú tàdáwà, àti ìpele tí ìbàjẹ́ rẹ̀ dé. Èyí tí ó bá ju agbára yín lọ, ẹ má ṣe tún un ṣe fúnra yín. National Archives wà ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, tí Kenneth Dike fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 nítorí irú ọjọ́ báyìí. Ẹ kọ̀wé sí wọn, tàbí kí ẹ lọ fi fọ́tò rẹ̀ hàn wọ́n, kí ikán tó ṣáájú yín débẹ̀.